Miss Lurleen Alátakò àti Olú Inú Pápá Rẹ̀

Bí ẹ bá dé àgbègbè Bodark ní ìlà oòrùn Texas, tí ẹ ní kí wọ́n júwe ilé Lurleen Stubblefield fún yín, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Wọ́n á wá bi yín pé, "Kí lẹ ṣe tó ń bínú sí?" Obìnrin náà ò burú o. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, opó ni, ó ní màálù mọ́kànlélógún, kò sì pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ rí àfi ọjọ́ tó bímọ. Àtakò ni Ọlọ́run kàn fi jíǹkí rẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Wọ́n fẹ́ máa ta bíà ní Bodark, ó ní òun lòdì sí i. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé ijó, ó lòdì sí i. Pásítọ̀ fẹ́ gbé gìtá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, háà, ẹ dákẹ́, gìtá náà ò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń lọ sí Austin, níbi táwọn aṣòfin ti ń jókòó, kó lè takò wọ́n lójúkojú, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo àtakò yẹn, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bá àwọn ọmọ yunifásítì ṣe. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú nílẹ̀ wọn, tí oòrùn wá yọ, olú kan a máa hù lórí ìgbẹ́ màálù, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ bí agboòrùn ọmọ-ọwọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á máa rí ohun tí ojú ẹlòmíì ò rí. Àwọn ọmọ yìí á fo wáyà wọ pápá, wọ́n á tẹrí ba kiri orí ìgbẹ́ bí ẹni ń wá òrùka ìgbéyàwó, Miss Lurleen á sì yọ sí wọn, aṣọ ìwọ̀sùn lọ́rùn, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ìbọn ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kúrò lórí ìgbẹ́ mi!"

Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kò ti sí ọta nínú ìbọn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró wádìí? Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Royce. Ọmọ ogún ọdún ni Royce nígbà tó wọ iṣẹ́ sójà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e lọ sójú ogun ní Afghanistan, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló bọ̀, apá pé, ẹsẹ̀ pé. Oorun ni ò bá a bọ̀. Ọdún méjìlá rèé tó ti padà sílé ìyá rẹ̀, kò lè sùn lábẹ́ òrùlé. Inú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ló ń sùn sí nídìí igi ẹ̀yìnkùlé, imú ọkọ̀ kọjú sí títì. Bó bá ń jẹun, àga tó dojú kọ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, kò sì ní kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn láé. Oògùn tí wọ́n ti fún un ní ilé ìwòsàn ti kún páálí bàtà méjì, èyí ń mú kó sanra, èyí ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, kò sí èyí tó ń mú kó sùn.

Méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ jagun ti fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ìyá rẹ̀ ló gbé adìẹ tó fi wàràkàṣì yan lọ sí ìsìnkú méjèèjì. Látìgbà náà, ní aago mẹ́fà àárọ̀, á gbé kọfí jáde lọ bá Royce, ṣùgbọ́n kó tó kan ilẹ̀kùn ọkọ̀, á kọ́kọ́ dúró wo gíláàsì. Bí èémí bá ti mú kí gíláàsì ṣú, ọmọ òun ṣì ń mí nìyẹn. Ohun tó ń wò láràárọ̀ nìyẹn fún ọdún méjìlá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kódà kì í sọ ọ́ nínú àdúrà, torí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá pe nǹkan náà lórúkọ, ó lè dáhùn.

Oṣù kejì ọdún kan ni Dókítà Marisol Cantú dé láti yunifásítì, ó wá bá àwọn sójà àtijọ́ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn wọn. Miss Lurleen wà níbẹ̀ torí òun ló gbé oúnjẹ wá. Dókítà náà kéré lára, ohùn rẹ̀ ò sì kéré.

"Ẹ̀yin ará, oògùn kan la fẹ́ ṣèwádìí ẹ̀ fún àwọn tí ogun ò kúrò lọ́kàn wọn. Ara olú la ti ń rí i. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ já olú jẹ nínú igbó o! Èyí tá à ń lò, a wọ̀n ọ́n. A ó yẹ ọkàn yín wò. Èèyàn méjì tó mọṣẹ́ á jókòó tì yín látàárọ̀ dalẹ́, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú, àti lẹ́yìn ẹ̀."

Bàbá kan ní, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ni?"

"A ò tíì mọ̀ délẹ̀, sà. Ìdí tá a fi ń wádìí ẹ̀ nìyẹn. Èèyàn méjìlá péré lowó ọwọ́ wa gbà, wọ́n sì ti pé. Àbá òfin kan wà níwájú àwọn aṣòfin báyìí pé kí ìpínlẹ̀ fowó ti ìwádìí náà. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, a lè mú ọgọ́ta èèyàn sí i. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ má bínú, mo kàn wá kí yín ni."

Miss Lurleen nawọ́ sókè, ṣíbí tó fi ń bu oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Dókítà, irú olú wo?"

Dókítà gbé àwòrán sára ògiri. Ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí bí agboòrùn ọmọ-ọwọ́.

"Yéè! Ìgbẹ́ mi nìyẹn!"

Gbọ̀ngàn dà rú. Àwọn sójà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, torí ó lé ní mẹ́ta nínú wọn tó ti sá fún ìbọn rẹ̀ rí. Miss Lurleen ò rẹ́rìn-ín. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò, torí Royce náà ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé nínú píkọ́ọ̀pù ni Royce la ẹnu. "Mama, mo ti forúkọ sílẹ̀."

"Níbo?"

"Lọ́dọ̀ dókítà yẹn. Èmi ni ẹnì kẹtàdínlógún nínú àwọn tó ń dúró."

"Ìwọ Royce! Ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún lé ọmọ ọlọ́mọ kiri fún, òun lo fẹ́ kí ìjọba máa fún ẹ jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ta ló ti ẹ?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Mama."

Ọdún méjìlá, kò sọ ọ́ rí pé ó rẹ òun. Miss Lurleen kọjú síta, ó ń wo pápá àwọn aládùúgbò bí ẹni pé ó fẹ́ rà á. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó ti mọ̀ pé òun máa lọ sí Austin, àti pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun, òun ò ní takò.

Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lálẹ̀ lọ bá a, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbín ò ní ọ̀rẹ́ bí Imogene Tackett. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Imogene àti Lurleen ti ń ṣọ̀rẹ́, òun sì ni olórí àwọn obìnrin ìjọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó já wọ ilé ìdáná, ìwé lọ́wọ́.

"Lurleen, ṣó o ti gbọ́? Wọ́n fẹ́ fowó orí wa ra olú fáwọn sójà! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń lọ takò wọ́n. Mo ti gba bọ́ọ̀sì ìjọ. Ìjókòó iwájú ni tìẹ, bí ìṣe wa."

Miss Lurleen la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, "Màá gbé ẹyin sísè wá."

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹnu tí kò jẹ́ kí gìtá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kú síbẹ̀ níwájú Imogene. Ó tan ara rẹ̀ pé òun kàn máa bá wọn wọkọ̀ ni, bí àwọn bá dé ọ̀hún òun á ṣàlàyé. Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún àwọn màálù, àwọn màálù gbọ́ ọ, wọn ò takò. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà níjókòó iwájú láàárín àwọn alátakò méjìdínlógún, ó ń bá wọn kọrin, ó sì ń pín ẹyin. Royce ń bọ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì nínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ti sọ pé òun ò ní wọlé torí èrò, pé níta lòun máa dúró.

Ní ilé ìgbìmọ̀ ọ̀hún, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ orúkọ sórí káàdì, á sì fa ìlà sínú ọ̀kan nínú àpótí mẹ́ta: mo fara mọ́ ọn, mo lòdì sí i, mo kàn fẹ́ sọ̀rọ̀. Miss Lurleen gba káàdì, ó gba bírò. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Royce níta, bóyá ó ti jẹun, bóyá ariwo mọ́tò ò ti máa dà á láàmú. Ọwọ́ rẹ̀ kọ orúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ fa ìlà. Ó ju káàdì sínú àpótí akọ̀wé, ó lọ jókòó ti Imogene.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń lọ síbì kan fún ọgbọ̀n ọdún, ṣé ó tún ń béèrè ọ̀nà ni? Bí màálù tó mọ ilé ló ṣe gba inú "mo lòdì sí i" lọ tààrà.

Alága ìgbìmọ̀ náà, Haskell Pruitt, ti ń tòògbé. Àwọn tó fara mọ́ àbá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: dókítà, olùkọ́, àwọn sójà àtijọ́, wákàtí méjì gbáko. Miss Lurleen ń retí orúkọ rẹ̀, kò gbọ́ ọ. Akọ̀wé ní, "Àwọn tó fara mọ́ ọn ti parí. Ó kan àwọn alátakò. Ẹni àkọ́kọ́, Lurleen Stubblefield."

Imogene gbá a lẹ́yìn. "Dìde! Lọ fún wọn lọ́rọ̀!"

Alága jí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ti jọ bá bíà jà. "Miss Lurleen, ẹ káàbọ̀ o. Mo ti ń wò ó pé ṣé ẹ ò wá ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ lòdì sí i, àbí?"

"Rárá, sà."

"Káàdì yín ní ẹ lòdì sí i."

"Ọwọ́ mi ló ṣe é, Alága. Kò bi mí." Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e padà wá kí n tún un ṣe."

Akọ̀wé mi orí. Ó ní bí wọ́n bá ti ka káàdì tán, kò ṣeé yí mọ́, òfin ni. Alága na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ìdí àpótí tẹ́ ẹ fàlà sí lẹ ti máa sọ̀rọ̀, ma. Aago sì ti ń lọ."

Miss Lurleen wo aago. Ó wo ẹ̀yìn, àwọn obìnrin ìjọ méjìdínlógún ń wò ó, ẹnu yà wọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kà fún màálù fò lọ lórí rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Mo lòdì sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo lòdì sí fún yín.

"Mo lòdì sí oògùn tó kún páálí bàtà méjì, tí ọmọ mi ò sì rí oorun sùn. Mo lòdì sí bó ṣe ń sùn nínú mọ́tò bí ajá tí wọ́n lé jáde, nígbà tí yàrá rẹ̀ wà nínú ilé, tí mo ń gbá a ní gbogbo Sátidé. Mo ti gbé adìẹ lọ sí òkú ọmọ méjì tí wọ́n jọ jagun. Mo lòdì sí gbígbé ẹ̀kẹta. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Alága, mi ò sè é fún òkú sójà mọ́. Láràárọ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn, mo máa ń dúró wo gíláàsì mọ́tò, bóyá èémí rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ọdún méjìlá. Mo lòdì sí gíláàsì yẹn ju bí mo ṣe lòdì sí bíà lọ."

Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Imogene ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń lé àwọn ọmọ tó ń já olú yìí ní pápá mi, màá sì tún lé wọn lọ́la. Ta ló wọ̀n ọ́n fún wọn? Ta ló jókòó tì wọ́n? Òpònú jẹ ẹ́ lórí ìgbẹ́, dókítà tó kàwé ogún ọdún wá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun wò ó. Mo lòdì sí i! Mi ò mọ̀ bóyá á ṣiṣẹ́. Dókítà fúnra ẹ̀ ní òun ò tíì mọ̀. Nítorí náà, ẹ fún un lówó kó lọ mọ̀ ọ́n!"

Aago dún.

"Mo lòdì sí aago yẹn náà," ni Miss Lurleen wí, ó sì lọ jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n dìbò. Mẹ́rin ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin ní rárá, ó ku Alága. Haskell Pruitt nu gíláàsì ojú rẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kó tó dìde, ó ní kí akọ̀wé kọ orúkọ Miss Lurleen sílẹ̀ bó ṣe wà lórí káàdì. Nínú ìwé ìjọba, títí dòní, Lurleen Stubblefield lòdì sí àbá òfin náà.

Nígbà tó dé ẹnu bọ́ọ̀sì, báàgì Imogene ló jókòó síjókòó iwájú. Kò bá wọn jiyàn. Ó yí padà láti lọ bá Royce nínú píkọ́ọ̀pù, ni ohùn Imogene bá tú jáde lójú fèrèsé.

"Lurleen Stubblefield! Ọdún méjìlá! O ń dá nìkan wo gíláàsì, èmi sì wà ní ìdajì máìlì sí ẹ! Ṣé mi ò tó ẹni tá à ń sọ fún ni?"

"Ṣé wàá jẹ́ kí n sọ ọ́ parí ni?"

"Mi ò ní jẹ́ kó o sọ ọ́ parí! Màá ti wọ bàtà, màá ti máa bọ̀ nílé ẹ!" Ẹkún ti gba ohùn rẹ̀, inú sì ń bí i pé òun ń sunkún. Ó fa báàgì kúrò. "Wá jókòó. Mi ò fara mọ́ olú o."

"Mo mọ̀."

"Wá jókòó, mo ní. Ẹyin ẹ ku mẹ́ta."

Àbá náà di òfin, owó jáde, ṣùgbọ́n ọdún yípo kó tó kan Royce. Miss Lurleen gbé páì lọ bá Dókítà Cantú, torí ó ti gbọ́ pé wọ́n máa ń fún àwọn kan ní oògùn gidi, wọ́n á sì fún àwọn mìíràn ní ayédèrú ná, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀.

"Dókítà, mo bẹ̀ yín, gidi ni kẹ́ ẹ fún ọmọ mi."

"Ma, èmi gan-an ò ní mọ èyí tó máa kàn án."

"Irú dókítà wo ni kò mọ oògùn tó ń fún èèyàn?"

"Bí ìwádìí ṣe rí nìyẹn, ma."

"Mo lòdì sí i," ni Miss Lurleen wí. Ṣùgbọ́n ó fi páì sílẹ̀.

Royce lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Kò sọ púpọ̀. Ó ní òun rí àwọn ọ̀rẹ́ òun méjèèjì tó ti kú, àwọn sì jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ṣì ń dojú kọ ilẹ̀kùn bó bá ń jẹun, ó ṣì ń sùn sínú ọkọ̀. Miss Lurleen ò bi í léèrè ohunkóhun, ìyẹn gan-an sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹta, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ó gbé kọfí jáde ní aago mẹ́fà. Ó wo gíláàsì.

Gíláàsì mọ́ kedere. Kò sí èémí kankan lára rẹ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Inú rẹ̀ ṣófo. Ó sáré wọ pápá nínú bàtà òjò, ó ń pe Royce, Royce. Orí ìgbẹ́ màálù ló ti já lu ọmọ yunifásítì méjì, àpò olú lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ju àpò sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ o, ife kọfí ló dì mú.

"Ẹ rí ọmọ mi?"

"Rárá, ma! Ẹ má pa wá, ma!"

Ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré padà sínú ilé kó lè pe Imogene. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dé tó gbọ́ nǹkan. Ó dúró. Ó tún gbọ́ ọ. Ìhanrun ni.

Royce ló wà nínú yàrá ìgbà èwe rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn pátápátá, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tòun ti bàtà, tòun ti ẹrẹ̀, wà lórí aṣọ ìbora tí ìyá-ìyá Miss Lurleen fọwọ́ rán, aṣọ tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé ìbọ̀sẹ̀ lásán lé láti ogójì ọdún. Miss Lurleen la ẹnu. Ó wo ẹrẹ̀ náà. Ó pa ẹnu dé. Ó fara ti ògiri, ó sunkún títí kọfí fi tutù.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yẹn ní pápá, wọ́n ti padà wá mú àpò wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìbọn ọkọ rẹ̀. Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó má baà dún, ó yọ́ ẹsẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀yìn wọn gan-an.

"Ẹ kúrò lórí ìgbẹ́ mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ rọra o. Ọmọ mi ń sùn."